Ọmú Dán, Wàrà Níyọ̀: Bí Mo Ṣe Wá Àrùn Abẹ́nú Jáde Lára Ewúrẹ́ Mẹ́sàn-án ní Kuje

Ewúrẹ́ mẹ́sàn-án là ń fún wàrà wọn nínú ọgbà wa lẹ́yìn Kuje, ní agbègbè Àbújá. Márùn-ún jẹ́ àdàlù irú ewúrẹ́ méjì, Saanen ti òkè òkun àti pupa Sokoto, mẹ́rin tó kù jẹ́ pupa Sokoto pọ́ńbélé. Ní oṣù Keje 2024, wàrà ojúmọ́ kan ń tó lítà 10.4. Kí oṣù Kẹjọ tó parí, ó ti wálẹ̀ sí 7.9. Mo mọ̀ pé wàrà máa ń dínkù bí oṣù ìbímọ bá ṣe ń jìnnà, ṣùgbọ́n eléyìí yá jù. Kò sì sí èyí tó ń ṣàìsàn nínú wọn. Wọ́n ń jẹun, wọ́n ń jẹ àpọ̀jẹ, ọmú wọn rọ̀, kò gbóná, kò pọ́n, wàrà funfun nini. Àrùn ọmú abẹ́nú ni, ìyẹn àrùn tó wà nínú ọmú láìsí àmì tí ojú tàbí ọwọ́ lè rí, ṣùgbọ́n n kò tíì mọ̀.

Mo ní ìwé kan tí mo ń kọ gbogbo nǹkan ọgbà sí. Inú rẹ̀ ni mo ti kọ èyí jáde, pẹ̀lú owó tí mo ná, àtèyí tí mo ṣe dáadáa àtèyí tí mo ṣe bàjẹ́.

Ìpele 1. Oúnjẹ, oògùn aràn, àti abẹ́rẹ́ tí n kò yẹ kí n gún

Oúnjẹ ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn. Òjò ń rọ̀ gan-an, koríko tútù pọ̀, ṣùgbọ́n omi ló kún inú rẹ̀. Mo ra kúlíkúlí, dùsá (èèrí ọkà), àti háráwà (ewé ẹ̀pà àti ẹ̀wà tí ẹran ń jẹ) tó ṣẹ́kù láti ọdún tó kọjá. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì mo ti ná ₦38,000. Wàrà fi lítà 0.3 gòkè, ó sì dúró síbẹ̀. Mo fún gbogbo wọn lóògùn aràn. Kò sí ìyàtọ̀.

Àmì méjì ti wà níwájú mi nígbà yẹn tí n kò kà sí. Oníbàárà mi kan ní Lugbe pè mí lórí fóònù, ó ní, “Ìyá Ìbejì, wàrà ọ̀sẹ̀ yìí mà ń ṣe bí ẹni pé iyọ̀ já sí i.” Mo rò pé ike tó fi gbé e ni. Mo bẹ̀ ẹ́, mo fún un ní òmíràn. Èkejì, wàràkàṣì mi ò dì dáadáa mọ́. Ewé bọmubọmu mẹ́ta ni mo máa ń fún omi rẹ̀ sí lítà márùn-ún. Ó di ewé márùn-ún, síbẹ̀ ó ń fọ́ nínú asẹ́. Wàrà ewúrẹ́ kì í le bíi ti màlúù lóòótọ́, àmọ́ mo mọ bí tèmi ṣe máa ń rí lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ kan náà ni àmì méjèèjì ń sọ: bí ọmú bá ń ṣàìsàn nínú, iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ máa ń jò wọ inú wàrà, èròjà tó ń jẹ́ kí wàrà dì á sì dínkù.

Ọmọkùnrin Hausa tó ń bá wa fún wàrà tẹ gbogbo ọmú lọ́kọ̀ọ̀kan lójú mi, ó ní, “Mama, lafiya lau,” ìyẹn ni pé ara wọn le. Kò purọ́. Ohun tí ọwọ́ lè bá níbẹ̀ kò tíì sí.

Àṣàkẹ́ ni mo fura sí, torí pé wàrà tirẹ̀ ló já jù. Òun ni ewúrẹ́ àdàlù tí mo kọ́kọ́ rà, òun ló máa ń ṣíwájú àwọn yòókù. Mo ra pen-strep, abẹ́rẹ́ tó da penicillin àti streptomycin pọ̀, ní ọjà ní ₦7,500, mo gún un fún ọjọ́ mẹ́ta. N kò bi dókítà kankan, n kò mọ irú kòkòrò tí mò ń gún oògùn sí. Nínú gbogbo ohun tó wà nínú ìwé yìí, èyí ló ń dùn mí jù. Oògùn tí a fi ń ṣe àdánwò báyìí ló ń kọ́ kòkòrò bí wọ́n ṣe ń fara da oògùn. Ó tún dá mi dúró: nígbà tí mo fẹ́ ṣe àyẹ̀wò gidi, dókítà ní kí n dúró ó kéré tán ọjọ́ 14 kí oògùn kúrò lára rẹ̀, torí pé wàrà tí oògùn wà nínú rẹ̀ lè ní kò sí kòkòrò nígbà tó wà.

Ìpele 2. Ọṣẹ ìfọṣọ àti àwo funfun méjì (ọjọ́ 3 oṣù Kẹsàn-án)

Ọṣẹ oníyẹ̀fun tí a fi ń fọṣọ lè fi àrùn ọmú hàn. Bí kòkòrò bá wọ inú ọmú, ara á rán àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ lọ bá a jà, wọn á sì kún inú wàrà. Ọṣẹ á fọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí, ohun tó wà nínú wọn á tú jáde, wàrà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Ìwọ̀n rẹ̀ ni gíráàmù 30 ọṣẹ sí lítà omi kan. Wàrà àti omi ọṣẹ á wá jẹ́ ìwọ̀n kan náà nínú àwo.

Ìgbà mẹ́ta ló kùnà kó tó ṣeé ṣe.

Lákọ̀ọ́kọ́, ṣíbí ni mo fi wọn ọṣẹ, ṣíbí kíkún méjì sínú ìgò sẹ̀ńtílítà 75, mo sì mì í. Fóòmù bo gbogbo rẹ̀, n kò rí nǹkan kan. Mo lọ yá ìwọ̀n kékeré lọ́wọ́ aládùúgbò mi tó ń ṣe kéèkì, mo wọn gíráàmù 30 gan-an, mo rora rò ó pọ̀, mo fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí fóòmù lọ.

Lẹ́ẹ̀kejì, inú garawa tí a ti da wàrà gbogbo wọn pọ̀ ni mo ti bù. Ó fà díẹ̀, kò fà púpọ̀. Kí ni mo fẹ́ fi ìyẹn ṣe? Kò sọ ewúrẹ́ tó jẹ́, kò sọ ẹ̀gbẹ́ tó jẹ́. Ọmú ewúrẹ́ jẹ́ àpò méjì tí ògiri wà láàárín wọn. Àrùn lè wà nínú ọ̀kan kí èkejì má mọ̀ rárá. Nítorí náà ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló gbọ́dọ̀ ní àwo tirẹ̀.

Lẹ́ẹ̀kẹta, wàrà tó sun inú fìríìjì ni mo lò, kò sì fi nǹkan kan hàn mí. Láti ìgbà náà, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni mo ń lò, látinú ọmú sínú àwo.

Lẹ́ẹ̀kẹrin, mo gbé àwo funfun méjì kalẹ̀ lábẹ́ Àṣàkẹ́, ọ̀kan fún ọ̀tún, ọ̀kan fún òsì. Mo da ìfún mẹ́ta àkọ́kọ́ nù. Ṣíbí wàrà kan, ṣíbí omi ọṣẹ kan, mo ń yí àwo lọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀. Ọ̀tún ń ṣàn bí omi. Òsì fà. Ó fà bí ọbẹ̀ ilá, ó kó ara rẹ̀ jọ sí àárín àwo, nígbà tí mo fi ìka kan gbé e, ó bá ìka mi gòkè. Mo ké pe ọkọ mi pé kó wá wò ó. Ọmú kan náà, àárọ̀ kan náà, àwọ̀ wàrà kan náà. Àwa méjèèjì kàn ń wo àwo náà.

Lọ́jọ́ yẹn, ewúrẹ́ mẹ́rin ló fà bẹ́ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọ̀kan sì fà díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì.

Ìpele 3. Àwo CMT, àti bí mo ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ tọ́jú ewúrẹ́ tí kò ṣàìsàn (ọjọ́ 16 oṣù Kẹsàn-án)

Ọṣẹ dára fún ìfura, ṣùgbọ́n ó ṣòro láti fi mọ èyí tó le ju èkejì lọ. Mo ra àwo California Mastitis Test, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní CMT, pẹ̀lú omi àyẹ̀wò rẹ̀. Pẹ̀lú owó ìfiránṣẹ́, ó jẹ́ ₦18,500. Àwo pẹlẹbẹ ni, ó ní ọwọ́, ó ní ife kékeré mẹ́rin nítorí pé màlúù ni wọ́n ṣe é fún. Ife méjì ni ewúrẹ́ ń lò. Àwọ̀ àlùkò ni omi àyẹ̀wò náà. Ọ̀rọ̀ ọṣẹ yẹn náà ló ṣì jẹ́, àmọ́ ó dúró lójú kan, ó sì ní àwọ̀ tí ojú lè bá lọ.

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí: mílílítà 2 wàrà láti ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, mílílítà 2 omi àyẹ̀wò, kí n yí i fún ìṣẹ́jú-àáyá 10, kí n kà á lójú ẹsẹ̀, torí pé tí ó bá pẹ́ ó lè tú padà. Mo fi ọbẹ̀ ṣe òṣùwọ̀n fún ọmọkùnrin wa tó ń bá wa fún wàrà kó lè yé e: bí omi lásán, 0, bí ó bá ki fẹ́ẹ́rẹ́ tó sì pòórá, díẹ̀, bí ó bá ki tí kò pòórá, 1, bí ewédú, 2, bí ilá tó kóra jọ sáàárín, 3.

Bí mo ṣe kọ ọ́ nìyí, ọ̀tún ṣáájú, òsì tẹ̀ lé e:

Àṣàkẹ́ 0, 3
Àdùkẹ́ 1, 1
Àbẹ̀kẹ́ 2, 0
Àwẹ̀ró 2, 2
Àjọkẹ́ díẹ̀, 3
Pupa kìíní 0, 0
Pupa kejì 0, 2
Pupa kẹta 1, 1
Pupa kẹrin 0, díẹ̀

Ẹ̀gbẹ́ 10 nínú 18 ló jẹ́ 1 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwé tó bá omi àyẹ̀wò wá ka 1 sí àrùn. Àyà mi já. Mo ti ń ṣírò owó oògùn fún ewúrẹ́ méje kí n tó pe dókítà ẹran, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Ìlọrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní apá Gwagwalada. Mo ka iye náà fún un lórí fóònù. Ó ní, “Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ewúrẹ́ kì í ṣe màlúù.”

Àlàyé rẹ̀ nìyí. Bí ọmú ewúrẹ́ ṣe ń ṣe wàrà yàtọ̀: ègé kéékèèké ara ọmú fúnra rẹ̀ máa ń já bọ́ sínú wàrà, sẹ́ẹ̀lì inú wàrà ewúrẹ́ tó dá ṣáká sì máa ń pọ̀ ju ti màlúù lọ. Amẹ́ríkà pàápàá gba sẹ́ẹ̀lì 1,500,000 nínú mílílítà kan wàrà ewúrẹ́, nígbà tó jẹ́ 750,000 ni wọ́n gbà fún màlúù. Ó tún máa ń gòkè nígbà tí ewúrẹ́ bá ń wá akọ, àti nígbà tí oṣù fífún wàrà rẹ̀ bá ti ń lọ sópin. Nítorí náà 1 lára ewúrẹ́ kì í sábà ṣe nǹkan. Ó ní kí n máa fi ẹ̀gbẹ́ kan wé èkejì lára ewúrẹ́ kan náà. Bí méjèèjì bá dọ́gba, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ gbogbo ara ló ń sọ̀rọ̀. Bí ọ̀kan bá ga tí èkejì sì wálẹ̀, inú ẹ̀gbẹ́ yẹn ni ìjà wà.

Mo padà sínú ìwé mi pẹ̀lú ojú tuntun. Àdùkẹ́ àti Pupa kẹta kúrò nínú ẹjọ́. Àṣàkẹ́ òsì, Àbẹ̀kẹ́ ọ̀tún, Àjọkẹ́ òsì àti Pupa kejì òsì, àwọn ni afurasí. Àwẹ̀ró ni kò yé mi, torí 2 kò kéré, ó sì dọ́gba. Dókítà ní ká mú tiẹ̀ náà lọ sí láàbù.

Ìpele 4. Wàrà lọ sí láàbù, ó padà wá, ó tún lọ

CMT máa ń sọ pé ìjà wà. Kì í sọ ẹni tó ń jà. Láàbù ló ń gbin wàrà náà kí kòkòrò inú rẹ̀ lè hù, kí wọ́n sì dán oògùn wò lára rẹ̀. Ìgò kan jẹ́ ₦7,000 nígbà náà, ìgò mẹ́fà ₦42,000. A ní oríire ní apá ibí yìí pé láàbù wà ní Gwagwalada, kò sì jìnnà sí wa. Ẹni tó bá wà ní Zaria ní ẹ̀ka ìmọ̀ ìṣègùn ẹran ti Ahmadu Bello University nítòsí, ẹni tó bá wà ní Jos ní Vom, níbi tí National Veterinary Research Institute ti wà láti 1924.

Ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ni mo kọ́kọ́ gbé e lọ. Èsì dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan: ìgò mẹ́rin ti bàjẹ́, oríṣiríṣi kòkòrò ló hù nínú wọn, kò sẹ́ni tó lè mọ èyí tó wá láti inú ọmú. Méjì Àwẹ̀ró nìkan ló dára, kò sì sí nǹkan kan tó hù níbẹ̀.

Ẹ̀bi mi ni. Àwẹ̀ró ni mo kọ́kọ́ ṣe, mo fi òwú tuntun tí mo rì sínú sípíríìtì nu orí ọmú rẹ̀ dáadáa. Lẹ́yìn ìyẹn òjò ṣú, mo ń kánjú, mo lo òwú kan fún ewúrẹ́ méjì, mo gbé ìdérí ìgò kalẹ̀ lórí pákó. Mo gbé kúlà láìsí yìnyín nínú rẹ̀, a sì pẹ́ lójú ọ̀nà lọ́jọ́ náà. Ẹran tí mo ti ń tọ́jú láti ọdún mẹ́rin, mo fi ìkánjú ìṣẹ́jú 10 ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́.

Ọjọ́ 2 oṣù Kẹwàá, mo tún mẹ́rin náà ṣe, ₦28,000 mìíràn. Bí mo ṣe ṣe é lọ́tẹ̀ yìí nìyí, mo sì rọ ẹni tó bá fẹ́ ṣe é pé kó má fo ọ̀kankan:

1. Mo fọ ọwọ́, mo wọ ìbọ̀wọ́ tuntun fún ewúrẹ́ kọ̀ọ̀kan.
2. Ọmú gbọ́dọ̀ gbẹ. Bí ó bá tutù, ìdọ̀tí á máa ṣàn wálẹ̀ sórí ihò.
3. Ìfún mẹ́ta àkọ́kọ́ dànù.
4. Òwú tí a rì sínú sípíríìtì 70%, mo nu ojú ihò orí ọmú títí òwú tuntun fi jáde ní funfun. Àbẹ̀kẹ́ gba òwú mẹ́rin.
5. Mo dúró kí sípíríìtì gbẹ.
6. Mo fi ẹ̀gbẹ́ mú ìgò, kó má kọjú sókè, kí eruku má bàa já sí i. Ìdérí wà lọ́wọ́ mi, kò kan ibì kankan. Mílílítà 5 tó.
7. Orúkọ, ẹ̀gbẹ́, ọjọ́, kí ìgò tó kúrò lọ́wọ́ mi.
8. Inú yìnyín lójú ẹsẹ̀, láàbù láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Ọjọ́ 7, èsì dé. Àbẹ̀kẹ́, Àjọkẹ́ àti Pupa kejì ní Staphylococcus irú èyí tí wọ́n ń pè ní coagulase-negative, tó máa ń gbé ní awọ ara, òun ló sì pọ̀ jù nínú àrùn ọmú abẹ́nú ewúrẹ́. Oògùn cloxacillin mú un. Àṣàkẹ́ ní Staphylococcus aureus. Penicillin kò ràn án rárá, ìyẹn ni pé penicillin inú pen-strep tí mo gún un ní oṣù Kẹjọ kò já mọ́ nǹkan kan. Àwẹ̀ró, tí mo tún fi CMT wò lẹ́yìn náà, ti wálẹ̀ sí 1 lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Ó ń wá akọ lọ́jọ́ àyẹ̀wò àkọ́kọ́ yẹn ni. Bí mo bá ti tẹ̀ lé ọkàn mi, mi ò bá ti fún un lóògùn lásán.

Dókítà pè mí lórí ọ̀rọ̀ Àṣàkẹ́ lọ́tọ̀. Aureus lè fara pamọ́ fún oṣù púpọ̀, ó sì lè dìde lọ́jọ́ kan kí ọmú di tútù, kó dúdú, kí ewúrẹ́ kú. Ó tún máa ń ṣe májèlé sínú wàrà tí sísè kì í lè pa. A máa ń se wàrà wa kó tó kúrò nílé, mo sì ti ń fi ìyẹn fọkàn balẹ̀. Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, wàrà Àṣàkẹ́ kò wọ garawa títà mọ́.

Ìpele 5. Oògùn inú ọmú (ọjọ́ 9 sí 10 oṣù Kẹwàá)

Dókítà yan oògùn ọlọ́pá, èyí tó wà nínú ọ̀pá kékeré bíi sírínjì tí wọ́n ń fún sínú ọmú, ampicillin àti cloxacillin papọ̀. Ọ̀pá kan ní wákàtí 12-12, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, fún ẹ̀gbẹ́ tó ní àrùn. Ẹ̀gbẹ́ mẹ́rin, ọ̀pá 12, ₦2,800 ọ̀kọ̀ọ̀kan: ₦33,600. Màlúù ni wọ́n ṣe é fún, nítorí náà kì í ṣe oògùn tí ènìyàn ń dá yàn, àti ọjọ́ tí wọ́n kọ sára páálí pé ká fi da wàrà nù kò tó fún ewúrẹ́. Ó ní kí n fi ọjọ́ 7 kún un lẹ́yìn ọ̀pá ìkẹyìn.

Àṣìṣe àkọ́kọ́: ẹnu ọ̀pá náà gùn, mo sì tì í wọlé tán lára Àbẹ̀kẹ́. Ó ta, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ já okùn. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ bá wàrà rẹ̀ jáde. Ihò orí ọmú ewúrẹ́ kéré, awọ inú rẹ̀ ló sì ń dènà kòkòrò. Bí a bá ha á, a ti ṣílẹ̀kùn fún òmíràn. Mílímítà 2 tàbí 3 ti tó, kí ẹnu ọ̀pá kàn jókòó nínú ihò, kí a wá rọra fún un. Láti ìgbà náà ọkọ mi di ẹsẹ̀ wọn mú, èmi fún oògùn. A máa ń fún wàrà ẹ̀gbẹ́ náà gbẹ pátápátá kọ́kọ́, a nu orí ọmú bí ìgbà tí a ń lọ láàbù, a fún oògùn, a fọwọ́ ra ọmú lọ sókè, a sì ri orí ọmú sínú áyódíìnì, omi tó ń pa kòkòrò.

Àṣìṣe kejì dé lọ́jọ́ 12. Àwọn tó máa ń fún wàrà ti lọ sí ilé ìjọsìn, ọmọ àbúrò mi ló ràn wá lọ́wọ́ láti fún wàrà ìrọ̀lẹ́, kò sì mọ ewúrẹ́ tó wà lórí oògùn. Wàrà Àjọkẹ́ wọ garawa. Lítà 6 tí mo fẹ́ fi ṣe nọ́nọ̀ (wàrà kíkan) jókòó fún ọjọ́ méjì, kò kan. Ó kàn dúró bẹ́ẹ̀, ó ń rùn. Oògùn tó ń pa kòkòrò inú ọmú ti pa èyí tó ń jẹ́ kí nọ́nọ̀ kan. Mo da gbogbo rẹ̀ sínú ihò tí a gbẹ́ lẹ́yìn ọgbà, ₦15,000 nìyẹn. Mo dúpẹ́ pé nọ́nọ̀ ló tú àṣírí náà. Bó bá jẹ́ wàrà tútù ni mo tà, inú ọmọ ẹlòmíràn ni oògùn yẹn ì bá wà. Láti ọjọ́ yẹn, ewúrẹ́ tó bá wà lórí oògùn á ní aṣọ pupa lẹ́sẹ̀ ẹ̀yìn, á sì ní garawa pupa tirẹ̀. Wàrà ẹ̀gbẹ́ méjèèjì là ń dà nù, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ tó gba oògùn nìkan. Ọmọ ewúrẹ́ kò mu nínú rẹ̀, ajá kò mu nínú rẹ̀.

Ìpele 6. Ibi tó ti ń wá

Ọjọ́ kan ni mo jókòó sórí àpótí, tí mo kàn ń wò bí a ṣe ń fún wàrà láìsọ̀rọ̀. Nǹkan mẹ́ta ni mo rí.

Aṣọ ìnura kan ṣoṣo la fi ń nu ọmú mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, omi kan náà nínú abọ́ kan náà. Agolo òrí kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọkùnrin wa, ó máa ń ki ìka bọ̀ ọ́ láti fi pa ọwọ́ kó lè yọ̀, láti ọ̀dọ̀ ewúrẹ́ kan sí ọ̀dọ̀ èkejì, láti oṣù dé oṣù. Èmi ni mo ra òrí náà fún un. Àti pé Àṣàkẹ́ la máa ń kọ́kọ́ fún. Torí pé òun ni aṣíwájú, òun ló máa ń kọ́kọ́ gun orí pákó, a sì ń fi ọwọ́ tó ti ara rẹ̀ wá fọwọ́ kan gbogbo àwọn tó kù.

Ohun tí a yí padà: aṣọ ìnura kéékèèké 24, ₦9,600, ọ̀kan fún ewúrẹ́ kan, wọ́n ń wọ omi gbígbóná lójoojúmọ́, wọ́n sì ń gbẹ nínú oòrùn. Agolo òrí kúrò. Àwọn tí ara wọn dá ló ń ṣíwájú, àwọn tó ní aṣọ pupa ló ń kẹ́yìn. Lẹ́yìn fífún, gbogbo orí ọmú ń wọ inú áyódíìnì. Pófídóònù áyódíìnì 10% tí wọ́n ń tà ní ilé oògùn ni mo ra, mo fi omi sísè tó ti tutù là á, ìdajì sí ìdajì, èyí tó jẹ́ kí áyódíìnì inú rẹ̀ gan-an wà ní bíi 0.5%. Ife kékeré ni mo ń da á sí, ohun tó bá ṣẹ́kù nínú ife kò padà sínú ìgò. Oúnjẹ sì di ẹ̀yìn fífún wàrà, kí wọ́n lè dúró jẹun fún bíi ìdajì wákàtí. Ihò orí ọmú kì í pa dé lójú ẹsẹ̀; bí ewúrẹ́ bá lọ dùbúlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ nígbà tó ṣì ṣí, gbogbo iṣẹ́ ti bàjẹ́. Ẹrẹ̀ oṣù Kẹsàn-án nínú ilé wọn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ pọ̀: a kó o jáde, a da iyanrìn sí i, a tẹ́ koríko gbígbẹ.

Ọmọkùnrin wa kò kọ́kọ́ fẹ́ kí agolo òrí lọ. Ó ní ọwọ́ gbígbẹ á máa dùn wọ́n. Mo gbé àwo CMT sí i lọ́wọ́, mo ní kó ṣe Àṣàkẹ́ fúnra rẹ̀. Nígbà tó rí bí ó ṣe fà, ó dákẹ́, ó sì lọ gbé agolo náà jù fúnra rẹ̀. Òun ló ń ṣe àyẹ̀wò báyìí, òṣùwọ̀n rẹ̀ sì péye ju tèmi lọ.

Ìpele 7. Àyẹ̀wò lẹ́yìn oògùn

Ọjọ́ 24 oṣù Kẹwàá, ọjọ́ 14 lẹ́yìn ọ̀pá ìkẹyìn: Àbẹ̀kẹ́ ọ̀tún díẹ̀, Pupa kejì òsì 0, Àjọkẹ́ òsì 1, Àṣàkẹ́ òsì 3.

Ọjọ́ 7 oṣù Kọkànlá: Àbẹ̀kẹ́ 0, Pupa kejì 0, Àjọkẹ́ díẹ̀, Àṣàkẹ́ 3.

Mo san ₦14,000 láti tún Àjọkẹ́ àti Àṣàkẹ́ gbé lọ sí láàbù. Àjọkẹ́ mọ́. Àṣàkẹ́, aureus náà ló ṣì wà níbẹ̀. Nígbà tí a fún ọmú rẹ̀ gbẹ pátápátá, tí dókítà sì fi ìka wá inú rẹ̀, kókó líle kan wà lókè, tó tó ẹ̀pà méjì. A kò lè rí i nígbà tí wàrà bá kún inú ọmú. Inú irú kókó bẹ́ẹ̀ ni aureus ń sá pamọ́ sí, oògùn kì í dé ibẹ̀.

Mo rò ó fún ọjọ́ mẹ́rin. Ọkọ mi ní ká dá fífún ẹ̀gbẹ́ òsì dúró, ká máa fún ọ̀tún. Ó ṣeé ṣe, àwọn kan ń ṣe é. Ṣùgbọ́n òun àti àwọn mẹ́jọ yòókù ló jọ ń sùn sójú kan, ọ̀tún rẹ̀ sì lè tẹ̀ lé òsì nígbàkigbà. Mo dúró kí gbogbo ọjọ́ oògùn pé tí dókítà kà fún ẹran jíjẹ, mo sì tà á fún alápatà ní ọjọ́ 20 oṣù Kọkànlá, ₦85,000. Ó tẹ̀ lé ọkùnrin náà títí dé ẹnu géètì kó tó bojú wẹ̀yìn. Abo ọmọ rẹ̀ ṣì wà lọ́dọ̀ wa, wàrà àwọn tó mọ́ la fi tọ́ ọ láti oṣù Kẹwàá.

Owó

Oúnjẹ àkọ́kọ́ ₦38,000
Pen-strep ₦7,500
Àwo CMT àti omi rẹ̀ ₦18,500
Láàbù ìgbà mẹ́ta ₦84,000
Oògùn ọlọ́pá ₦33,600
Áyódíìnì, sípíríìtì, òwú, ìbọ̀wọ́ ₦13,400
Aṣọ ìnura ₦9,600
Ọkọ̀ ₦16,000
Wàrà tí a dà nù nítorí oògùn, lítà 34 ní ₦2,500: ₦85,000
Nọ́nọ̀ tó bàjẹ́ ₦15,000

Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦320,600. Nínú rẹ̀, ₦88,500 ni ti oúnjẹ tí kò ṣe nǹkan, pen-strep, láàbù tí mo tún ṣe, àti nọ́nọ̀. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti ibi àwo funfun méjì àti gíráàmù 30 ọṣẹ kò ní ná ìyẹn.

Ìparí oṣù Kọkànlá, ewúrẹ́ mẹ́jọ ń mú lítà 8.1 wá lójúmọ́. Mẹ́sàn-án ló ń mú 7.9 wá tẹ́lẹ̀. Kì í ṣe oògùn nìkan ló ṣe é: àkókò ìkórè ẹ̀pà àti ẹ̀wà ni, háráwà tútù pọ̀, ó sì rọjú. Wàràkàṣì ti padà sí ewé mẹ́ta. Oníbàárà mi ní Lugbe gba lítà méjì ní ọjọ́ 28, ó sì bèèrè mẹ́ta fún ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e.

Ohun tó kù nígbà tí mo ń kọ èyí ní ìparí 2024: Àwẹ̀ró lóyún, mo fẹ́ dá fífún rẹ̀ dúró ní oṣù Kejì 2025. Dókítà ní ká fi CMT wò ó ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, ká sì pinnu bóyá yóò gba oògùn àsìkò ìgbẹ, èyí tó máa ń pẹ́ nínú ọmú nígbà tí kò sẹ́ni tó ń fún un. Mo ti kọ ọjọ́ náà sára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ pákó ìfúnwàrà: ọjọ́ 27 oṣù Kìíní, ọ̀tún àti òsì.